Ápù wo ló yẹ fún kí ni? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, tó fẹ́ sè é, tàbí tó fẹ́ fún omi rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá dúró níwájú ápù, àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò, lẹ́yìn náà bó ṣe tóbi tó. Ohun tí wọn ì bá kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé: kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ápù tó dùn yùngbà lẹ́nu lè di omi ṣooro nínú páì, èyí tó ń kan eyín sì lè jẹ́ ààyò nínú ìkòkò. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ dá lé.

Ṣé ìyàtọ̀ wà láàárín ápù kan àti òmíràn tó bẹ́ẹ̀ ni?

Ó wà dáadáa. Ẹ̀yà ápù tí wọ́n ti sọ lórúkọ lágbàáyé ju 7,000 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé ọjà. Inú ẹbí kan náà ni gbogbo wọn ti wá: igi ápù inú igbó tí wọ́n ṣẹ̀ lára rẹ̀ ṣì ń hù lórí àwọn òkè Kasakísítáánì títí di òní. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣà wọ́n láti ìran dé ìran, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Àwọn kan wà fún jíjẹ ní tútù, àwọn kan kò ṣeé jẹ bí iná kò bá tíì kàn wọ́n, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé àfi kéèyàn fún omi wọn, nítorí ẹnu kò gbà wọ́n.

Kí ni kí n máa wò bí mo bá fẹ́ yàn?

Kíkan rẹ̀, adùn rẹ̀, bí inú rẹ̀ ṣe dì mọ́ra, àti èèpo rẹ̀. Kíkan ni mo fi ṣíwájú, nítorí òun ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Ásíìdì tó wà nínú ápù, èyí tí wọ́n ń pè ní málíìkì, ló ń jẹ́ kí ápù ṣì ní ìtọ́wò ápù lẹ́yìn tó bá ti jiná. Òórùn dídùn máa ń bá èéfín lọ, ṣùgbọ́n kíkan kì í lọ. Ìdí nìyẹn tí ápù tó dùn láìkan rárá fi máa ń tẹ́ lẹ́nu tó bá ti dé inú páì, bí ẹni pé ṣúgà nìkan lèèyàn ń jẹ.

Ní ti inú rẹ̀, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní pẹ́kítínì tó lẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì ápù mọ́ ara wọn. Bí ooru bá mú un, yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Lára ẹ̀yà kan ó máa ń tètè yọ́, gbogbo rẹ̀ á sì ṣubú lulẹ̀. Lára òmíràn yóò pẹ́, tí ègé tí ẹ gé yóò ṣì jẹ́ ègé nígbà tí ẹ bá gbé e kúrò lórí iná. Ibí yìí gan-an ni ápù fún páì àti ápù fún ọbẹ̀ ápù (ìyẹn ápù tí wọ́n sè títí tó fi fọ́ tó sì rọ̀) ti pínyà.

Èwo ló dára jù fún jíjẹ lásán?

Èyí tó bá wù yín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀: ẹni tó fẹ́ adùn tí kò sì fẹ́ kíkan, Gala àti Fuji ni tirẹ̀. Gala kéré, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọmọdé kì í kọ̀ ọ́. Fuji dùn jù ú lọ, ó sì tún dì jù ú lọ. Ìlú Fujisaki ní Japan ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti da ẹ̀yà méjì láti Amẹ́ríkà pọ̀ tí wọ́n fi rí i, wọ́n sì gbé e jáde ní 1962.

Ẹni tó fẹ́ kí ó dùn kó sì kan, kó wá Pink Lady tàbí Braeburn. Orúkọ ọjà ni Pink Lady. Orúkọ ẹ̀yà náà gan-an ni Cripps Pink, Ọsirélíà ni wọ́n sì ti dá a sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Cripps Pink níbì kan tí kò gbówó lórí tó Pink Lady, irú igi kan náà ló so méjèèjì. Ìyàtọ̀ ni pé èyí tó bá pé ìwọ̀n tí àwọn tó ni orúkọ náà là sílẹ̀ nìkan ló lè jẹ́ Pink Lady.

Honeycrisp ńkọ́? Yunifásítì Minnesota ló gbé e jáde ní 1991. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi ju ti ápù yòókù lọ. Bí ẹ bá gé e jẹ, ńṣe ni wọ́n ń bẹ́, tí omi ń ya sí yín lẹ́nu, dípò kí wọ́n kàn ya kúrò lára ara wọn. Mo gbà pé ó dára. Mi ò gbà pé ó yẹ kéèyàn máa da owó rẹ̀ sínú ìkòkò, torí ohun tí ẹ sanwó fún gan-an ni dídún yẹn, ooru yóò sì mú un kúrò.

Ṣé òótọ́ ni pé ápù tó bá pupa jù ló dùn jù?

Rárá o. Red Delicious ni kí ẹ wò. Oko Jesse Hiatt ní ìpínlẹ̀ Iowa, Amẹ́ríkà, ni igi rẹ̀ àkọ́kọ́ ti hù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà yẹn èso náà ní ìlà-ìlà lára, àwọn tó tọ́ ọ wò sì yìn ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀ka tó ń so èyí tó pupa jù, torí èyí tó pupa ló ń tètè tà. Ọdún ń gorí ọdún, pupa ń pọ̀ sí i, èèpo ń nípọn, ìtọ́wò ń sọnù. Òun ló wá di ápù tó ń dán lóde tí inú rẹ̀ sábà máa ń gbẹ bí ìyẹ̀fun lẹ́nu. Mi ò ní sọ pé kò sí èyí tó dára nínú rẹ̀, pàápàá bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já lórí igi, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sè é.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò lára àwọ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn apá tí pupa kò bò. Bí ibẹ̀ bá ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀ lára ápù tó yẹ kó pọ́n, wọ́n tètè já a. Bó bá ti ń yí sí àwọ̀ ìyeyè, ó ti gbó.

Nípa orúkọ: Golden Delicious kì í ṣe ọmọ Red Delicious, wọn kì í sì í ṣe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ra ẹ̀tọ́ méjèèjì, ìyẹn ló jẹ́ kí orúkọ wọn jọ ara wọn.

Ápù wo ni kí n lò fún páì?

Èyí tó bá kan, tí kì í sì í tètè fọ́. Granny Smith ni gbogbo ayé mọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Maria Ann Smith, ìyá àgbà kan tó ń dáko nítòsí Sydney ní Ọsirélíà, ló rí i tó hù fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní 1868. Ó kan, ó le, ègé rẹ̀ kì í fọ́ yángá nínú ààrò. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀ ni pé, yàtọ̀ sí kíkan, òórùn rẹ̀ kò pọ̀. Ìdí nìyí tí n kì í fi í lo òun nìkan.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń pa ẹ̀yà méjì pọ̀, tàbí mẹ́ta. Ìdajì á jẹ́ Granny Smith, ìdajì yòókù á jẹ́ ọ̀kan tó ní òórùn tí kì í sì í dòfo nínú iná: Braeburn, Jonagold tàbí Golden Delicious. Jonagold, láàárín wọn, ni mo fẹ́ràn jù. Golden Delicious ni òbí rẹ̀ kan, Jonathan sì ni èkejì, ó wá jogún adùn lára ọ̀kan, ó jogún kíkan lára ìkejì. Ẹni tó bá rí Northern Spy, ẹ̀yà àtijọ́ láti New York, kó mú un láìbi ẹnikẹ́ni.

Bí páì yín bá ń ní àlàfo láàárín ápù àti ìyẹ̀fun òkè, tàbí tí omi ń kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀bi ẹ̀yà nìkan kọ́. Bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ápù jẹ́ afẹ́fẹ́ (ìdí nìyẹn tó fi ń léfòó lórí omi), afẹ́fẹ́ náà yóò sì jáde bó bá gbóná. Ẹ gé ápù náà, ẹ da ṣúgà sí i, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan, yóò sun omi rẹ̀ jáde. Ẹ ro omi yẹn, ẹ gbé e kaná kó ki, kí ẹ tó dà á padà. Ọ̀nà míì ni pé kí ẹ kọ́kọ́ mú ègé náà gbóná wọ́ọ́rọ́, láàárín 60°C sí 70°C, fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó kó o sínú páì. Ó dà bí ohun tó ta ko ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ooru tí kò pọ̀ yẹn máa ń mú kí pẹ́kítínì le sí i, ègé náà kò sì ní tètè fọ́ nígbà tí ooru gidi bá dé.

Fún ọbẹ̀ ápù tàbí ápù lílọ̀ ńkọ́?

Ibí yìí la ti yí i padà: èyí tó ń tètè fọ́ la ń wá. McIntosh láti Kánádà dára, inú rẹ̀ funfun, ó sì rọ̀. Ọba wọn ni Bramley, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá gé e sínú ìkòkò pẹ̀lú omi ṣíbí díẹ̀, ẹ ó rí i tí etí àwọn ègé náà kọ́kọ́ hó bí ìfófòó, kí ẹ tó mú ṣíbí láti rò ó, ó ti wú, ó ti túká di ohun rírọ̀ fúlẹ́fúlẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Ó kan débi pé ọ̀pọ̀ kì í jẹ ẹ́ ní tútù, nítorí náà ṣúgà yóò wọ ọ́. Ọmọdébìnrin kan, Mary Ann Brailsford, ló gbin hóró igi àkọ́kọ́ ní Southwell ní 1809. Nígbà tó yá, Bramley, ẹni tó ra ilé náà lẹ́yìn wọn, ni orúkọ já mọ́ lọ́wọ́. Bí ayé ti ń ṣe nìyẹn.

Bí ẹ kò bá rí èyí tó ń fọ́, ẹ lo èyí tí ẹ rí, ẹ sè é pẹ́, kí ẹ wá gún un tàbí kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má bó èèpo èyí tó pupa bí ẹ bá máa sẹ́ ẹ. Yóò fún ọbẹ̀ náà ní àwọ̀ òdòdó tó wuyì.

Mo ní ápù tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Báwo ni màá ṣe mọ ohun tó dára fún?

Ẹ bi ìkòkò léèrè. Ẹ bó ọ̀kan, ẹ gé e sí ègé tó nípọn tó ìka ọwọ́, ẹ tò ó sínú páànù kékeré, ẹ da omi ṣíbí méjì sí i, ẹ dé e, kí iná má pọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣí i, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì gún ègé kan láàárín. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́ tí ègé náà ṣì dúró ṣinṣin, etí rẹ̀ ṣì mú, ápù páì nìyẹn. Bí etí rẹ̀ bá ti yí róbótó, tó sì ń ya bí ẹ bá gbé e sókè, ẹ lò ó fún kéèkì. Bó bá jẹ́ pé kò sí ègé mọ́ lójú páànù, ọbẹ̀ ló bí i.

Kí ẹ tó dà á nù, ẹ tọ́ ọ wò. Kì í ṣe ní tútù, ní jíjiná. Ápù tó bá tẹ́ nínú páànù láìsí ṣúgà, ṣúgà kò ní gbà á là. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ lè gbà á.

Èwo ni màá lò bí mo bá fẹ́ yan án lódindi?

Èyí tó tóbi, tí èèpo rẹ̀ kì í tètè bẹ́. Jonagold dára, Braeburn náà dára. Bramley ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ṣùgbọ́n òun yóò wú jáde nínú èèpo. Ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà yí ìbàdí rẹ̀ ká kó tó wọ ààrò, kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà jáde.

Fún kéèkì?

Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ̀yà yòówù kó jẹ́. Èyí tó ní omi púpọ̀ nìkan ni kí ẹ yẹra fún, nítorí yóò jẹ́ kí àárín kéèkì rin gbindin.

Kí nìdí tí ápù fi ń dúdú bí mo bá gé e, èwo ni kì í dúdú nínú sàláàdì?

Bí ọ̀bẹ bá ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù kan tó wà nínú rẹ̀ yóò pàdé afẹ́fẹ́, àwọ̀ ilẹ̀ á sì yọ. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí lẹ́mọ́ọ̀nù máa ń dá a dúró, omi iyọ̀ tí kò pọ̀ náà sì ń dá a dúró bí ẹ kò bá fẹ́ kíkan. Ẹ rẹ ẹ́ ságbada omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ ṣàn án.

Cortland ni a mọ̀ jù lọ láàárín àwọn tí kì í tètè dúdú, inú rẹ̀ funfun gbòò. Ẹ̀yà mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Arctic, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti pa apá tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù yẹn lẹ́nu mọ́ nínú àbùdá rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2015. Fún sàláàdì lásán, èyí tó bá dún lẹ́nu tó sì kan díẹ̀ ti tó, nítorí òróró àti fínígà inú sàláàdì máa ń bo èyí tó kàn dùn mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ ṣe jáàmù. Ápù gbígbó ni àbí èyí tí kò tíì gbó tán?

Èyí tí kò tíì gbó tán, tó sì kan. Pẹ́kítínì tó ń mú jáàmù dì pọ̀ lára rẹ̀ ju ti èyí tó gbó lọ, ásíìdì sì ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn ápù kéékèèké inú igbó, tó kan débi pé ẹyẹ nìkan ló ń fẹ́ wọn, ló dára jù. Ẹ má da èèpo àti àárín rẹ̀ nù o. Ibẹ̀ ni pẹ́kítínì pọ̀ sí jù. Ẹ dì wọ́n sínú aṣọ funfun tó mọ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n bá jáàmù náà hó, ẹ wá fún aṣọ náà kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá ń ṣe jáàmù èso tí kì í dì, ápù kan tó kan nínú rẹ̀ yóò yanjú ọ̀rọ̀.

Fún omi èso àti ọtí ápù?

Omi èso kò nílò ẹ̀yà kan ṣoṣo. Èyí tí a pa pọ̀ ló dára jù, kí èyí tó dùn pọ̀ díẹ̀ ju èyí tó kan lọ. Ápù tó ti rọ̀ bí ìyẹ̀fun kò dára fún un: kì í fún omi tó mọ́, ńṣe ló máa ń dà bí ẹrẹ̀ nínú ẹ̀rọ.

Ọtí yàtọ̀. Àwọn tó ń pọn ọtí ápù ń wá ohun kẹta, ìyẹn tánínì, tó ń fa ẹnu pọ̀, tó sì ń mú kí ọtí náà ní ìwúwo lẹ́nu. Ápù jíjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Nítorí náà ni wọ́n fi ní ẹ̀yà tiwọn: Dabinett tó dùn tó sì korò, Kingston Black tó kan tó sì korò, méjèèjì láti Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá gé Kingston Black jẹ yóò tu ú dànù. Bí ẹ kò bá rí irú wọn, ápù inú igbó díẹ̀ láàárín àwọn tó dùn yóò mú tánínì wá.

Fún fínígà, èyí tó dùn ni kí ẹ lò, nítorí ṣúgà ló ń di ọtí, ọtí ló sì ń di fínígà.

Èwo ló dára láti gbẹ?

Gala, Fuji, Golden Delicious. Adùn á pọ̀ sí i bí omi bá ti ń lọ. Èyí tó kan yóò kan sí i pẹ̀lú, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀, èwo ló sì ń pẹ́?

Granny Smith, Fuji àti Pink Lady máa ń pẹ́ gan-an nínú òtútù. McIntosh kì í pẹ́, Gala kò sì tó àwọn mẹ́ta yẹn. Láàárín 0°C sí 4°C ni ibi tó tẹ́ ápù lọ́rùn, nítorí náà inú fíríìjì ni kí ẹ gbé e sí, nínú ọ̀rá tí ẹ lu ihò sí, kì í ṣe inú agbọ̀n orí tábìlì. Lórí tábìlì, ẹ ó rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti ń rọ̀.

Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́. Ápù máa ń tú gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní étílìnì jáde, gáàsì yìí sì ń mú kí ohun tó bá wà nítòsí tètè gbó, kí ewé sì pọ́n. Èyí tó bá dápàá tàbí tó bá ti ń jẹrà ń tú u jáde ju àwọn yòókù lọ, ẹ tètè yọ ọ́ kúrò láàárín wọn.

Àwọn ilé ìkẹ́rù ńlá ní ọgbọ́n tiwọn: wọ́n á tì í mọ́ inú yàrá tútù, wọ́n á dín ọ́síjìn ibẹ̀ kù, ápù náà á sì dà bí ẹni sùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tí ẹ rà lónìí lè ti kúrò lórí igi láti ọdún tó kọjá. Kò burú, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè rọ̀ lẹ́yìn tó bá ti jáde.

Mo gé ápù, mo rí ibì kan nínú rẹ̀ tó ń dán bíi pé omi wọ̀ ọ́. Ṣé kí n jù ú nù?

Ẹ jẹ ẹ́. Oje dídùn ló wọ àlàfo tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà. Fuji máa ń ní in, ní Japan wọ́n tilẹ̀ ń wá irú rẹ̀ ni. Àmọ́ kì í pẹ́ kó tó di àwọ̀ ilẹ̀, nítorí náà ẹ má tọ́jú rẹ̀ pamọ́.

Bí mo bá gbin hóró ápù tí mo fẹ́ràn, ṣé irú rẹ̀ ni yóò so?

Rárá. Hóró kọ̀ọ̀kan máa ń bí ọmọ tó yàtọ̀, torí igi méjì ló pa pọ̀ bí i. Ẹni tó bá fẹ́ Fuji gidi ní láti gé ẹ̀ka Fuji lọ́ mọ́ ìdí igi mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo ẹ̀yà tó lórúkọ nìyẹn. Gbogbo igi Granny Smith tó wà láyé, ẹ̀ka igi ìyá àgbà yẹn ni wọ́n.

Ìwé oúnjẹ ní kí n lo Bramley, n kò sì rí i. Kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Ẹ lo Granny Smith, ṣùgbọ́n ẹ dín ṣúgà inú ìwé náà kù, torí kò kan tó Bramley. Ẹ fi McIntosh kan tàbí méjì kún un bó bá wà, kí ó lè fọ́. Bí ìwé bá sì pe Granny Smith tí Golden Delicious nìkan wà nílé, ẹ fún omi lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, kí ẹ gé ègé rẹ̀ nípọn díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ.